Orúkọ Tí Ìyàwó Sọni, A Kì Í Dá A Padà

Ilé Tíṣà Àgbà,
Òmù-Àrán.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Oyèbísí ọmọ mi, Àwẹ̀ró,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Awakọ̀ tí o fi rán ṣe bí ọmọlúàbí, ó gbé e dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó gba omi mu, ó sì kí wa dáadáa kí ó tó lọ. Inú wa dùn pé o ti rí yàrá gbé ní Ṣàárẹ́, pé kànga kò jìnnà sí ọ, àti pé àwọn ará àdúgbò máa ń kí ọ ní òwúrọ̀ kí o tó kí wọn. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò dára o. Ìwọ lo kéré, ìwọ ló yẹ kí o kọ́kọ́ máa kí ènìyàn. Mo mọ̀ pé oorun àárọ̀ rẹ ló fà á, oorun tí a kò lè bá ọ wí tán nílé ni o gbé lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Àlàáfíà ni a wà. Àgbàdo ti yọ lẹ́yìnkùlé, òrùlé ìdáná kò jò mọ́, ajá rẹ sì ti bímọ mẹ́rin sábẹ́ ibùsùn mi láìgba àṣẹ.

O mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà gígùn. Ojú ìwé kan ni mo máa ń kọ, màá sì fi ìyókù sílẹ̀ di ìgbà tí o bá wálé ọdún. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìwé rẹ tí kò lè dúró dìgbà ọdún. Nítorí náà, wá ibi tó tutù jókòó sí, kí o sì fara balẹ̀ kà á.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe máa ń ka lẹ́tà rẹ. Ìyá rẹ á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò irú rẹ̀, èmi á wọ awò ojú mi, màá sì máa kà á sókè fún un. Ibi tí o bá ti kí i, á ní kí n tún un kà. Ní ọjọ́ Ẹtì, a bá a dé ibi tí o ti ń sọ nípa kíláàsì àwọn ìyá tí wọ́n fún ọ láti máa kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́sàn-án. O ní o sọ fún wọn kí wọ́n kọ nǹkan díẹ̀ nípa ilé wọn. O ní ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ràfíù, tí ń fi ẹsẹ̀ rìn wá láti oko, pe orogún rẹ̀ ní "wifemate". O ní o rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ. O kọ ọ̀rọ̀ náà gàdàgbà sójú pátákó, o ní kí ìyá náà dìde dúró, o sì bi àwọn yòókù léèrè pé Òyìnbó wo ló bí irú ọ̀rọ̀ yìí. O ní gbogbo kíláàsì wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà, o bọ́ sórí ọ̀rọ̀ iyán tí wọ́n gún fún ọ nílé ọ̀gá yín.

Èmi náà rẹ́rìn-ín, Oyè. Kí n má purọ́ fún ọ. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí i pé èmi nìkan ni mò ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ gbé ọwọ́ kúrò nínú irú. Ó ní, "Obìnrin yẹn ńkọ́? Ṣé ó padà wá ní ọjọ́ kejì?"

Mo ní, "Oyè kò kọ ìyẹn síbẹ̀."

Ó ní, "Ẹ kọ̀wé bi í." Ó dìde, ó gbé ìkòkò rẹ̀ wọlé. Kò jẹ́ kí n ka lẹ́tà rẹ dópin, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí o ti ń kọ̀wé sílé.

Láti ọjọ́ Ẹtì di òní, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti bi mí bóyá mo ti kọ ọ́. Mo wá ń bi ọ́: ṣé Ìyá Ràfíù padà wá? Bí ó bá ti padà wá, ka ìyókù ìwé yìí bí ìtàn. Bí kò bá tíì padà wá, ìmọ̀ràn ni mo fi rán sí ọ, kì í sì í ṣe ìmọ̀ràn tí o lè tẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ìmọ̀ràn kìíní: bọ̀wọ̀ fún dikíṣọ́nárì, ṣùgbọ́n má ṣe bọ ọ́.

Èmi bọ ọ́. Nígbà tí owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn, tí ìjọba fi kún owó oṣù wa, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ra alùpùpù. Ẹni tó ń kọ́ ìṣirò níléèwé wa ra rédíò tó tóbi tó àpótí aṣọ. Èmi ra dikíṣọ́nárì. Mo gbé e lórí itan nínú bọ́ọ̀sì láti Ìlọrin bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Mo fi páálí bò ó. Mo ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń gbé e lọ sóko. Bàbá mi bi mí léèrè lọ́jọ́ kan lóko bóyá ó máa ń bá ènìyàn kọ ebè. Mo gbà nígbà náà pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, kò sí láyé ni, àti pé ẹni tó bá sọ ọ́ jẹ̀bi.

Ìkejì: má fi ọ̀rọ̀ ga ju ẹni tí o ń bá sọ̀rọ̀.

Lọ́dún kejì tí mo ríṣẹ́, wọ́n gbé mi lọ sí Òkè-Onígbìn, ara bàbá mi kò sì yá nílé. Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń gbé tíṣà káàkiri pé kí wọ́n dá mi padà sí Òmù-Àrán. Ìlà mẹ́ta ì bá tó. Ojú ìwé mẹ́rin ni mo kọ. Mo kó gbogbo ọ̀rọ̀ tó gùn jù nínú dikíṣọ́nárì síbẹ̀. Nígbà tí èyí tó wà níbẹ̀ kò gùn tó fún mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí so tèmi pọ̀, mo ń lẹ orí mọ́ ìdí bí ẹni ń to bíríkì. Akọ̀wé tó kà á kò mọ ohun tí mo ń tọrọ. Ó rò pé Òkè-Onígbìn ni kò gbà mí láyè tó láti fi ìmọ̀ mi hàn, wọ́n sì gbé mi lọ sí ibi tó tún jìnnà sí i. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń gun kẹ̀kẹ́ wá wo bàbá mi ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bàbá ní, "Ìwé tí o kà yìí, ṣé ó ń mú ọ súnmọ́lé ni àbí ó ń lé ọ lọ?"

Ọ̀rọ̀ tuntun tí a dá láti fi ga, kì í pẹ́ kú. Ọ̀rọ̀ tuntun tí a dá nítorí pé nǹkan kan wà nílẹ̀ tí kò lórúkọ, òun ló ń gbó.

Mo ń bọ̀ wá sórí Ìyá Ràfíù. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ ìyá rẹ kọjá, kò sí ọ̀nà míràn.

Ìwọ kò tíì lọ́kọ, nítorí náà o lè máà ka àṣà yìí sí. Nígbà tí ìyàwó bá dé ilé ọkọ, kò gbọ́dọ̀ pe ẹnikẹ́ni tó bá nílé ní orúkọ àbísọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde lánàá. Òun ni yóò wo ìrísí ẹni náà tàbí ìwà rẹ̀, yóò sì fi àdàpè tirẹ̀ pè é. Ìdí nìyẹn tí Adúmáadán àti Eyínfúnjowó fi pọ̀ nílé gbogbo. Àdàpè yìí ni ẹ̀bùn tí ìyàwó mú wá láti ẹnu ara rẹ̀, kì í ṣe láti ilé baba rẹ̀. Ilé ọkọ á gbà á, wọ́n á sì máa jẹ́ ẹ.

Ìyá rẹ dé láti Èsìé ní ọdún tí mo padà sí Òmù-Àrán. Kò lọ iléèwé rí, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Kò fẹ́ àdàpè tí gbogbo ìyàwó ń lò. Àbúrò mi obìnrin máa ń múra ní ọjọ́ gbogbo bí ẹni ń lọ sí ìsìn, ìyá rẹ sì pè é ní "Sunday-face". Àbúrò mi ọkùnrin ń sin ewúrẹ́. Ìyá rẹ ti gbọ́ "headmaster" àti "schoolmaster" lẹ́nu mi, ló bá ní bí orí àti iléèwé bá ní "master" tiwọn, ewúrẹ́ náà ní tirẹ̀. Ó pè é ní "goatmaster". Èmi wá di "Bookmaster". Ohùn Èsìé ló fi ń pè é, ó ń fà á nílẹ̀ díẹ̀: Búùkùmásítà. Bí mo bá ti ń bọ̀ láti iléèwé, tí mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilé, ebi á kọ́kọ́ pa mí, inú mi á wá dùn.

Mo fẹ́ràn orúkọ náà nílé. Ìta ni n kò fẹ́ kí ó dé.

Nígbà náà, ìjọba ní kí a máa kọ́ àwọn àgbà ní ìwé lọ́sàn-án, èmi ni wọ́n sì fún ní kíláàsì àwọn obìnrin. Ìyá rẹ wà níbẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi mọ Á-Bí-Dí tán, òun ló tún ń fi ọwọ́ di ọwọ́ àwọn tó jókòó tì í mú láti kọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, ìnsípẹ́kítọ̀ dé láti Ìlọrin, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó wọ dàńṣíkí. Mo fẹ́ ṣe fáàrí. Mo ní kí obìnrin kọ̀ọ̀kan dìde sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó mọ̀. Ọ̀kan sọ "water", ọ̀kan sọ "goat". Ó kan ìyá rẹ. Ó dìde, ojú rẹ̀ ń dán, ó ní, "Bookmaster."

Ìnsípẹ́kítọ̀ ní, "Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ìyá?"

Ìyá rẹ kúnlẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Orúkọ tí mo sọ ọkọ mi ni, sà."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín rere ni, mo mọ̀ ọ́n báyìí. Ṣùgbọ́n ojú tì mí dé ẹsẹ̀. Mo rò pé yóò lọ sọ ní Ìlọrin pé aya tíṣà kan ń dá Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní Òmù-Àrán. Kí ó má bàa fi mí rẹ́rìn-ín, mo sáré fi ìyá rẹ rẹ́rìn-ín ṣáájú. Mo rín in sókè. Mo gbé dikíṣọ́nárì mi, mo sọ ọ́ sórí tábìlì níwájú rẹ̀, mo ní, "Bá mi wá a jáde níbí."

Oyè, obìnrin tí kò tíì lè ka ọ̀rọ̀ kan tán ni mo gbé ìwé ńlá yẹn síwájú rẹ̀. Ó ṣí i. Ó wo ojú ewé náà. Àwọn obìnrin yòókù ti ń fi ìborùn bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ó pa á dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi ọwọ́ nu ara ìwé náà bí ẹni pé òun ti fi eruku bà á jẹ́, ó sì jókòó.

Nígbà tí mo sin ìnsípẹ́kítọ̀ jáde, ó ní, "Tíṣà, àwọn tó kó ìwé yẹn jọ, ibo ni wọ́n ti kó o?" Mo dárúkọ ìlú tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ó mi orí, ó gun ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó mọ ohun tí ó bi mí. Ẹnu àwọn ènìyàn bí ìyá rẹ ni wọ́n ti kó o.

Ní ọjọ́ kejì, àyè ìyá rẹ ṣófo ní kíláàsì. Mo rò pé iṣẹ́ ilé ló pọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá mi tó bí mi pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. O kò mọ̀ ọ́n dáadáa, o kéré nígbà tó lọ. Obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè ni, ìyẹn ló sì mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa wọni lára. Ó ní, "Wọ́n ní o dá orúkọ padà fún ìyàwó."

Mo ní, "Ìyá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gidi ni."

Ó ní, "Ta ló bi ọ́ léèrè Gẹ̀ẹ́sì? Orúkọ tí ìyàwó sọni, a kì í dá a padà. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé yìí, n kò rí ọkùnrin tó ṣe é. Lọ bẹ̀ ẹ́, kí o sì mú un padà síbi ìwé rẹ̀."

N kò lọ. Ṣé èmi tíṣà ni kí n wá bẹ akẹ́kọ̀ọ́? Mo ní bí ó bá wù ú, á wá fúnra rẹ̀. Kò wá mọ́ láéláé. N kò tún gbọ́ "Sunday-face" mọ́, bẹ́ẹ̀ ni "goatmaster" dópin. Àdàpè tí gbogbo ayé ń lò ni ó fún àwọn àbúrò mi. Èmi kò ní orúkọ kankan. "Ẹ̀yin" ló ń pè mí, "ẹ̀yin" lásán, títí a fi bí ọ tí mo di Bàbá Oyè. Nítorí náà, bí ó ti jẹ́ ìwọ lo fún mi lórúkọ nínú ilé ara mi, mo jẹ ọ́ ní ọpẹ́.

Ìyá rẹ kò bínú sí mi o. Ó ń se oúnjẹ, ó ń bá mi ṣeré, ó ń tọ́jú mi. O ti rí wa pọ̀, o mọ̀ pé a fẹ́ràn ara wa. Ibì kan ṣoṣo ló tì pa. Èmi ni mo tì í.

Ohun tí ọ̀rọ̀ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyí, tí kò sọ fún ọ rí. Ìyá tó bí i jẹ́ agbẹ̀bí ní Èsìé, ó sì ti kọ́ ọ láti kékeré. Nígbà tí owó ṣì wà nílùú, nọ́ọ̀sì kan ṣí ilé ìgbẹ̀bí sí òkè ọjà. Ó rí ìyá rẹ níbi tó ti gbẹ̀bí fún aya aládùúgbò wa, ó sì tọ̀ mí wá. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Kí ó ṣáà lè ka orúkọ tó wà lára ìgò oògùn, kí ó sì lè kọ orúkọ ìyá ọmọ sínú ìwé, mo fẹ́ ẹ." Inú mi dùn. Mo wọlé, mo ní kí ìyá rẹ wá jókòó kí n kọ́ ọ. Ohùn kíláàsì ni mo fi sọ ọ́. Mo tilẹ̀ ti mú ìwé ńlá náà dání láìmọ̀. Ó wo ìwé náà, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀."

Obìnrin míràn gba iṣẹ́ náà. Ó wà níbẹ̀ dòní. Nígbà tí ọdún líle dé, tí ìjọba gbàgbé pé tíṣà ń jẹun, irú ni ìyá rẹ ń ṣe, irú ló sì rán ọ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí o ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Iwájú ilé ìgbẹ̀bí yẹn ló máa ń gbà kọjá bó bá ń ru irú lọ sọ́jà. Mo ti bá a rìn níbẹ̀. Kì í wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

Ó yá, jẹ́ kí n nu ojú mi, kí n bá ọ sọ̀rọ̀ bí tíṣà sí tíṣà. Èmi kò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo ti kà dé mọ́, ṣùgbọ́n bó bá ṣe èmi ni mò ń kọ́ kíláàsì rẹ, báyìí ni màá sọ ọ́.

Gẹ̀ẹ́sì tí o rò pé ó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ẹnu ènìyàn ló ti wá. Ó ń so méjì pọ̀: wọ́n mú àwọ̀ dúdú mọ́ pátákó, ó di "blackboard". Wọ́n mú dídá mọ́ ààwẹ̀, ó di "breakfast"; àwọn Mùsùlùmí ilé tí o ń gbé náà ń sọ pé àwọn ń ṣínu, ọgbọ́n kan náà ni. Ó ń gé: "omnibus" gùn jù fún ẹni tó ń sáré, wọ́n gé orí rẹ̀ dànù, ìdí tó kù, "bus", ni à ń wọ̀ lọ sí Ìlọrin. Ó ń yá ti aládùúgbò: wọ́n gba ṣúgà lọ́wọ́ Lárúbáwá, bí àwa náà ṣe gba àlùbáríkà. Ó ń mú orúkọ nǹkan ṣe iṣẹ́ nǹkan: òòlù ni "hammer", kí a fi òòlù kan nǹkan náà ni "hammer". Kò sí ẹni tó lọ tọrọ ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọba wọn kí ó tó ṣe é.

Àwa náà ti bá wọn ṣe é. Ta ló pe ẹni tó ti òkè òkun dé ní "been-to"? Kì í ṣe ará Lọ́ńdọ̀nù. Rántí ìgbà tí mílíìkì àti ọṣẹ wọ́n, tí a ń tò bí ọmọ iléèwé kí a tó rí wọn rà. Ọ̀rọ̀ gígùn méjì, "essential commodities", ni ìjọba fi ń pè wọ́n, ebi kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè pè é tán. Àwọn tó wà lórí ìlà gé e kúrú, wọ́n ní "essenco". Ìwọ tí eyín ń yọ lẹ́nu rẹ nígbà náà, o mọ̀ ọ́n. O ń sá jáde bí o bá ti gbọ́ ọ.

Wá wo Ìyá Ràfíù. Òyìnbó ní ẹgbẹ́ nínú kíláàsì, ó ní "classmate". Ó ní ẹgbẹ́ nínú eré, ó ní "playmate". Orogún kò sí nílé rẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tí o lè fi kọ́ obìnrin yẹn. Kí ni kí ó kọ? Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ó wo ilé rẹ̀, ó rí ẹnìkan níbẹ̀ tí èdè rẹ kò ní orúkọ fún, ó sì sọ ọ́ lórúkọ, lọ́nà tí àwọn tó ni èdè náà gan-an ń gbà sọ ọ́. Ó tún yan ọ̀rọ̀ rere. Ì bá pè é ní ọ̀tá, ẹlẹgbẹ́ ló pè é. Láti inú ọ̀rọ̀ kan yẹn, mo mọ̀ pé àlàáfíà wà nílé yẹn ju ilé ọ̀pọ̀ aláya kan lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lè ṣe èyí, òun ni akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé jù ní kíláàsì rẹ. Òun ni o ní kó dìde dúró fún ẹ̀rín.

N kò ní kí o máa gba ohun gbogbo wọlé. Bí ó bá fẹ́ ṣe ìdánwò, sọ fún un pé wọ́n á fa ìlà pupa sórí ọ̀rọ̀ náà, kí o kọ́ ọ ní ohun tí ìdánwò ń fẹ́. Iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ yìn ín. Ẹni tó bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni yóò fi fà á mọ́ra, Ìyá Ràfíù tó jẹ́ abiyamọ sì ju ọmọ lọ.

Nítorí náà, bí kò bá tíì padà wá, lọ bá a. Má rán ọmọ iléèwé sí i, má kọ ìwé sí i. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn dé oko tí ó ń gbé. Bẹ ìyá onílé rẹ kí ó bá ọ lọ, nítorí ọmọdé kì í dá lọ bẹ àgbà. Kúnlẹ̀. Má ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì kankan lórí ìkúnlẹ̀. Kí orogún rẹ̀ pẹ̀lú, kí o sì jẹ́ kí ó gbọ́ pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ dùn mọ́ ọ. Bí Ìyá Ràfíù bá wá padà sí kíláàsì, ìwọ ni kí o dìde dúró níwájú àwọn obìnrin yẹn, kí o sọ pé ìwọ lo ṣì í. Ojú yóò tì ọ́. Ìtìjú ọjọ́ kan ni. Tèmi ti lé lógún ọdún.

Mo fẹ́ràn rẹ, Àwẹ̀ró. O gbọ́n jù mí lọ, o sì ń yá mọ́ni jù mí lọ. Ẹ̀rín tí o rín in kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, mo mọ̀ ọ́. Tèmi náà kì í ṣe ẹ̀rín ìkà.

Ní àárọ̀ yìí, kí n tó mú bíírò, mo lọ bá ìyá rẹ nídìí irú. Mo ní, "Ìyá Oyè, mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ lórí ọ̀rọ̀ kíláàsì ọjọ́ yẹn."

Kò béèrè pé kíláàsì wo. Ó ní, "Mo ti gbàgbé rẹ̀ kí n tó bí Oyè." Àwa méjèèjì mọ̀ pé irọ́ ni.

Mo ní, "Jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lónìí. Èmi ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ti lọ, a ní àkókò." Mo ti mú ìwé Á-Bí-Dí kan dání, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ kékeré, kì í ṣe ìwé ńlá. Ó fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀, ó gbà á. Inú mi dùn gan-an. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó yí i sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Mo bọ́ awò ojú mi fún un, ó fi wò ó, ó yọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, Oyè, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ní ọwọ́ lòun fi ń mọ irú tó jinná.

Ó dá ìwé náà padà fún mi. Ó ní, "Funfun ni mò ń rí, Bàbá Oyè." Ó wá ní, "Obìnrin Ṣàárẹ́ yẹn, ó tó ọmọ ọdún mélòó?"

Mo ní bí o ṣe kọ ọ́, kò lè tíì pé ogójì.

Ó ní, "Ojú rẹ̀ ṣì ń ríran nìyẹn. Ẹ sọ fún Oyè kó tètè lọ."

Èmi bàbá rẹ ni mo kọ ọ́.